Àpótí Irin-Iṣẹ́ fún Awakọ̀ Tí Ń Wọ Oko Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó

Ẹ̀yin oníṣòwò àti onímọ́tò ìlú wa, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí bá ẹnikẹ́ni tí ń wa ọkọ̀ lọ sí oko Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó mu gidigidi. Ní Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbíní ti pàdé ọ̀nà Òǹdó sí Òkìtìpupa, kò ṣòro láti rí mẹkáníìkì tàbí fọ́kánáísà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti kúrò lójú ọ̀dà, tí ó yà sí ọ̀nà erùpẹ̀ tí ó lọ sí abúlé olóko kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni ó lè gbà á. Òjò kì í sì í tíì dáwọ́ dúró nígbà tí ìkórè kòkó bá bẹ̀rẹ̀.

Òfin ìrìnnà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, ń mójú tó béèrè táyà sípíà, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta àti ẹ̀rọ panápaná. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó fún ọ̀nà oko.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ra àpótí ńlá tí ó kún fún sípánà dídán, tí ìdajì wọn kò bá nọ́ọ̀tì kan mu nínú ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ Toyota sábà máa ń lo sípánà 10, 12, 14 àti 17, a sì máa lo 21 fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ Jámánì a máa béèrè 13 lemọ́lemọ́. Nítorí náà, ọkọ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó yan irin, ẹ má ṣe wo ẹwà àpótí.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe, ẹ bẹ mẹkáníìkì kí ó fi irin inú àpótí yín nìkan ṣiṣẹ́. Sípánà tí ó bá ní láti mú nínú tirẹ̀, ẹ lọ rà á. Èyí tí kò bá fọwọ́ kàn ní ọdún kan, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Táyà ni ó sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró ní oko. Jáàkì a máa rì sínú ẹrẹ̀ bí kò bá sí pákó tí ó nípọn lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí fọ́kánáísà fi ẹ̀rọ dè kì í gbọ́ ti wíìlì sípánà kúkúrú. Ẹ mú páìpù irin kan tí ẹ lè kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè gùn, kí ẹ sì dẹ nọ́ọ̀tì nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ fi pọ́ǹpù, ṣọ́bìrì, àdá, okùn tí ó yi, tọ́ọ̀ṣì, wáyà, fíúsì àti omi kún un. Ẹ má ṣe ṣí ojú rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ẹni tí ń wá sípánà, kòkó tí òjò bá sì pa lójú ọ̀nà ń sọ owó olówó nù. Kí ẹ tó kúrò ní Ọ̀rẹ̀, ẹ tú àpótí yín wò: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.