Òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Epo Tó Ń Gbá Ẹyin Orí Tábìlì

Ẹni ọdún 42 ni Sharath Kamal Achanta nígbà tó gbé bátì sílẹ̀ ní Chennai lóṣù kẹta ọdún 2025. Ó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó gba ife orílẹ̀-èdè Íńdíà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó fi kọjá Kamlesh Mehta tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo ìjọba, Indian Oil, ni.

Ní Íńdíà, yàtọ̀ sí kíríkẹ́ẹ̀tì, eré ìdárayá tó ń bọ́ eléré rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, iléeṣẹ́ epo, rélùwéè àti báńkì ìjọba a máa gba àwọn tó bá mọ eré dunjú síṣẹ́: owó oṣù ń wọlé, àyè ìgbaradì sì wà. ONGC tó ń wa epo ló gba Sathiyan, akẹgbẹ́ Sharath nínú eré náà. Báńkì àpapọ̀ ló gba Sreeja Akula, obìnrin tó ń gbá eré kan náà.

Nínú ìdíje orílẹ̀-èdè, àwọn iléeṣẹ́ epo a máa kó ẹgbẹ́ kan ṣoṣo jọ tí wọ́n ń pè ní PSPB, tí yóò máa bá àwọn ìpínlẹ̀ figagbága. Tamil Nadu ni Sharath ti dàgbà, bàbá rẹ̀ àti arákùnrin bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ọ, àmọ́ àwọn elépo ló ń gbá a fún. Ojú mi kò gbà á tán: ìpínlẹ̀ tọ́ ọmọ, ẹlòmíràn kó ife. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá san owó oṣù fún un?

Iṣẹ́ náà kò dè é mọ́lẹ̀, torí ó gbá fún Borussia Düsseldorf ní Jámánì. Àwa Nàìjíríà náà mọ ọwọ́ rẹ̀. Ní Gold Coast lọ́dún 2018, Íńdíà fàgbà hàn wá 3-0 nínú àṣekágbá ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ìdíje Commonwealth. Ní Birmingham lọ́dún 2022, wọ́n tún ṣe é ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Sharath fúnra rẹ̀ ló na Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogójì ọdún ni, wúrà mẹ́ta ló sì kó lọ sílé. Ní ti Aruna, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Potogí àti Jámánì ló ti ń sanwó fún un.

Láti ọdún 2017 ni líìgì aládàáni kan, Ultimate Table Tennis, ti ń náwó fún àwọn ọmọ Íńdíà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni líìgì náà fi ń wáyé. Owó oṣù iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun ní ìyókù ọdún.