Pátákó Ìtàn Nínú Ìlú Agégẹdú: Ohun Tó Kọ ní Peshtigo, àti Ohun Tó Fò

Peshtigo, ìlú kékeré kan ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ló ni pátákó ìtàn àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí. Ọdún 1951 ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ní itẹ́ òkú, nítòsí sàréè ńlá kan tí wọ́n kó òkú bíi 350 pọ̀ sí, torí iná ọdún 1871 ti jó wọn kọjá ohun tí èèyàn lè dá mọ̀.

Gẹdú ló sọ Peshtigo di ìlú. William Ogden, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ olórí ìlú Chicago, ló dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń fi igi páìnì ṣe garawa, pẹ́ẹ̀gì aṣọ àti igi ìgbálẹ̀. Lọ́dún 1871, òjò kọ̀, kò rọ̀. Àwọn agégẹdú ti fi ẹ̀ka àti ewé gbígbẹ sílẹ̀ káàkiri igbó, àwọn tó ń la ojú irin ń dáná sun igbó tí wọ́n ṣán, àwọn àgbẹ̀ náà ń sun tiwọn. Nínú ìlú, pákó ni ilé, pákó ni ẹ̀gbẹ́ títì. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà, ìjì dé, ó sì kó gbogbo iná wẹ́wẹ́ náà pọ̀. Ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan éékà jóná.

Fàdá Peter Pernin fi kẹ̀kẹ́ ti àpótí mímọ́ tí wọ́n ń tọ́jú Ara Olúwa sí lọ sódò, òun náà sì kó sómi. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni òun àti àwọn mìíràn tó sá síbẹ̀ fi wà nínú omi, tí wọ́n ń bu omi sórí kí irun wọn má baà gbiná. Òtútù omi náà pa àwọn kan nínú wọn.

Àwọn tó kú ńkọ́? Pátákó ní, ó kéré tán, 800. Àwọn òpìtàn mìíràn ní láti 1,200 dé 2,500. Ìwé orúkọ ìlú jóná, lébìrà pọ̀ tí kò ní ará níbẹ̀, àwọn ìdílé kan sì run pátápátá, tí kò ku ẹni tí wọ́n máa bi.

Alẹ́ yẹn kan náà ni Chicago jóná. Nǹkan bí 300 ló kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n Chicago ni ayé gbọ́, torí wáyà tẹligíráàmù Peshtigo ti jóná. Fairchild, gómìnà Wisconsin, pàápàá ti gbéra lọ sí Chicago kí ìròyìn Peshtigo tó dé. Ìyàwó rẹ̀, Frances, ló yí ọkọ̀ ojú irin kan tó kó ẹrù ìrànwọ́ padà sí àríwá. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, pátákó náà ṣì ń bá Chicago du ipò. Mi ò dá àwọn tó kọ ọ́ lẹ́bi.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ irú pátákó yìí ní Wisconsin ló ń san owó rẹ̀; ẹgbẹ́ òpìtàn ìpínlẹ̀, Wisconsin Historical Society, á yẹ ẹ̀rí àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Àyè ọ̀rọ̀ kò pọ̀, kálukú sì mọ ohun tó máa fò. Ti Peshtigo yin iléeṣẹ́ onígi náà pé òun ló tóbi jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì sọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀ka gbígbẹ inú igbó tàbí iná àwọn tó ń la ojú irin. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1963. Ibẹ̀ ni àpótí Fàdá Pernin wà.