Òǹkọ̀wé àti Ẹ̀dá-Ìtàn Rẹ̀ nínú Eré Orí Rédíò: Ìlò "O" àti "Ẹ"

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni irú eré orí rédíò kan tí ìjà inú rẹ̀ wà láàárín òǹkọ̀wé àti àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ dá. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé jókòó ti ìwé rẹ̀, ẹ̀dá-ìtàn kan sì dìde sí i pé ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ fún òun kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun ní Yúróòpù. Nínú Niebla tí Miguel de Unamuno tẹ̀ jáde ní 1914, Augusto Pérez lọ bá òǹkọ̀wé rẹ̀ nílé ní Salamanca. Nígbà tí ó gbọ́ pé òǹkọ̀wé yóò pa òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀. Ní 1921, ní ìlú Róòmù, Luigi Pirandello kó ẹ̀dá-ìtàn mẹ́fà wá sórí ìtàgé, tí wọ́n ń wá òǹkọ̀wé tí yóò bá wọn parí ìtàn wọn. Ohun tí àwọn lámèyítọ́ kì í sábà fi wé ìwọ̀nyí ni ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938.

Asọ̀tàn ìwé náà jókòó jẹ́ẹ́ ní ilé rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wọlé tọ̀ ọ́, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀ kí òun má baà kú pẹ̀lú rẹ̀. Àkàrà-oògùn ni bàbá yìí. Kò bẹ̀bẹ̀ bí Augusto, kò sì wá òǹkọ̀wé kiri bí àwọn mẹ́fà ti Pirandello. Àṣẹ ni ó pa, asọ̀tàn sì gbọ́. Nígbà tí ìtàn parí, ó pòórá; nínú Igbó Olódùmarè (1949) ni ó tó padà wá, tí ó wá sọ ti bàbá rẹ̀, Olówó-ayé. Ẹni tí a rò pé òǹkọ̀wé ni ó dá a ni ó ń pinnu ìgbà tí òun yóò wá àti ìgbà tí òun yóò lọ.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kò sí ìjà níbẹ̀ rárá, nítorí pé asọ̀tàn kò janpata. Èrò yẹn kò jinlẹ̀ tó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀wọ̀ ni a fi máa ń bo irú ìjà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Òǹkọ̀wé ni ó bí ẹ̀dá-ìtàn. Nípa bẹ́ẹ̀, òun ni bàbá. Ṣùgbọ́n arúgbó ni ẹ̀dá-ìtàn nígbà tí ó wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, òun ni àgbà. Ta ni yóò wá pe ta ní "ẹ"? Èdè Yorùbá kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti yẹ ìbéèrè yìí sílẹ̀ pẹ́ títí. Bí ènìyàn bá ti la ẹnu, ó ti yan arọ́pò-orúkọ kan: "o" fún ẹgbẹ́ tàbí ọmọdé, "ẹ" fún àgbà. (Bí òǹkọ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn jẹ́ ọmọ ọwọ́, tí ó sì tọ́ ọ dàgbà dé arúgbó, ojú ewé wo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ẹ"? Ó yẹ kí ẹnìkan fi kọ eré.)

Rédíò ni ó bá irú ìjà yìí mu jùlọ. Lórí ìtàgé, ojú olùwòran ti ṣèdájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: ẹni tí ó jókòó ti tábìlì ni òǹkọ̀wé, ẹni tí ó wọ aṣọ ọdẹ ni ẹ̀dá-ìtàn. Lórí rédíò, ohùn lásán ni àwọn méjèèjì. Òǹkọ̀wé kò ní ara ju ẹni tí ó dá lọ, olùgbọ́ kò sì ní ohun tí yóò fi mọ ẹni tí ó ga àfi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

A lè fi àpẹẹrẹ kan tí a ṣẹ̀dá fún àlàyé yìí wò ó. Ká ní òǹkọ̀wé kan ní Ìbàdàn dá ọdẹ àgbàlagbà kan, ará Ayétẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ó sì ti pinnu pé ẹkùn yóò pa á:

ỌDẸ: Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o fi ní kí ẹkùn pa mí?
ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ má bínú, bàbá. Bí ẹ kò bá kú, ìtàn kò ní í lọ síwájú.
ỌDẸ: Ta ni bàbá rẹ? Ṣé ìwọ kọ́ ni o bí mi?
(Ìdákẹ́jẹ́. A gbọ́ ìró bírò lórí ìwé.)
ÒǸKỌ̀WÉ: Ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́la ni o ó kú.
ỌDẸ: Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá.

Kò sí ẹni tí ó pariwo nínú ìran yìí, síbẹ̀ agbára ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì. "O" tí òǹkọ̀wé sọ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ni ó pa ọdẹ náà, kì í ṣe ẹkùn. Olùgbọ́ tí ó wà ní Ayétẹ̀ yóò ta kìjí ní ibẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ọmọdé já "ẹ" gbà lẹ́nu ara rẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni òǹkọ̀wé ì bá lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyí tí ìtumọ̀ eré láti Gẹ̀ẹ́sì fi ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́: atúmọ̀ yóò ti mú "ẹ" kan ṣoṣo fún ẹnìkan, yóò sì dì í mú dé òpin bí ẹni pé òfin gírámà ni. Camwood on the Leaves, tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún rédíò ní 1960, jẹ́ eré nípa ọmọkùnrin kan tí ó kọ̀yìn sí bàbá rẹ̀, àlùfáà ìjọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní láti pinnu ibi tí ọmọ yóò ti kọ́kọ́ pe bàbá rẹ̀ ní "o". Ìwé náà kò ní sọ fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ Àkàrà-oògùn ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Kò fún un ní ohùn ìlú kankan. Ọdẹ ará Ayétẹ̀ orí rédíò lè béèrè ohùn ìlú tirẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá gbé Yorùbá inú ìwé sí i lẹ́nu, ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹkùn tó dé. Àwọn ọdẹ gidi kì í sì í gba irú èyí ní ìdákẹ́jẹ́. Adébóyè Babalọlá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, fi hàn pé bí oníjàálá kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, oníjàálá mìíràn tí ó ń gbọ́ lè dá a lẹ́nu kọ́ níṣojú àwùjọ, kí ẹni àkọ́kọ́ sì fèsì. Nínú àṣà yẹn, kò sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ tí a kò lè dá lóhùn.

Àwọn Yorùbá sì pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí èsì tí ó lè gbà láti òde wá. Nítorí náà, inú rẹ̀ ni àtakò ní láti wà. Ó yẹ kí olùdarí eré fi ẹ̀dá-ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn gan-an, bí òǹkọ̀wé ti wà níbẹ̀, kí ó má ṣe fi ohùn àbámọ̀dá tàbí gbohùngbohùn inú ihò sí i lẹ́nu bí ẹni pé iwin ni. Bí a bá ti sọ ọ́ di iwin, òǹkọ̀wé ti borí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, "ẹ" tàbí "o" kankan kò sì ní nǹkan kan láti pinnu mọ́.