Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ọṣẹ́ Tí Tẹ́tẹ́ Ń Ṣe

Ṣé ẹ ti fi owó tí ẹ kò lè pàdánù ta tẹ́tẹ́? Ṣé ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ lè gba owó tó ti lọ? Ṣé ẹ yáwó, àbí ẹ ta ẹrù yín, kí ẹ lè rí owó ta á? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ 9 ló wà nínú PGSI, òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé jáde ní Kánádà ní 2001, tí àwọn olùwádìí Bìrìtéènì, Ọsirélíà àti ilẹ̀ mìíràn ń lò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 12 sẹ́yìn ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ní kò ṣẹlẹ̀ rí gba òdo. Ẹni tó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo gba 3. Bí àròpọ̀ bá ti dé 8, tẹ́tẹ́ ti di ìṣòro fún un nìyẹn.

Ó wúlò, àmọ́ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ nìkan ló ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìyàwó tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ bá tẹ́tẹ́ ọkọ lọ, tí òun kò ta rí, òdo ni yóò gbà. Nídìí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ọkùnrin ló pọ̀ jù. Bí a bá wá ka àwọn tí tẹ́tẹ́ ẹlòmíràn ń pa lára, obìnrin ló sábà máa ń pọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2017, ṣírò rẹ̀ pé ẹnì kan tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún ń kó bá ènìyàn bíi 6.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé obìnrin kì í tètè bẹ̀rẹ̀ tẹ́tẹ́, pé bó bá bẹ̀rẹ̀ ni ó ń yára di bárakú fún un ju ọkùnrin lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti wá ìtọ́jú ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí yẹn ti wá. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìbejì Ọsirélíà, tí wọn kò fi ilé ìtọ́jú ṣà wọ́n, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bi léèrè ṣe pàtàkì tó ìbéèrè fúnra rẹ̀.

Ní Bìrìtéènì, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Éṣíà kì í ta tẹ́tẹ́ tó àwọn aláwọ̀ funfun. Síbẹ̀, nínú àwọn tó ń ta á, tiwọn ni ọṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù. Níbi tí ẹ̀sìn àti ẹbí ti ka tẹ́tẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn tí kò ta rí pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó sínú rẹ̀ á máa fi pamọ́; kò ní lè sọ fún ìyá rẹ̀, kò ní lè sọ fún àlùfáà, títí gbèsè yóò fi tú u fó.

Ìtìjú nìkan kọ́. Ní New Zealand, àdúgbò àwọn aláìní ni ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Māori, àwọn onílẹ̀ New Zealand, àti àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì ń gbé. Kí ẹnikẹ́ni tó dá àṣà wọn lẹ́bi, kó kọ́kọ́ béèrè ta ló gbé ẹ̀rọ síbẹ̀.

Ní 2016, àwọn olùwádìí Ọsirélíà to oríṣi ọṣẹ́ 7 sílẹ̀: ti owó, ti àárín ẹbí, ti ọkàn, ti ìlera, ti iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́, ti ìwà ọ̀daràn, àti ti àṣà. Òṣùwọ̀n oníbéèrè 9 kò dárúkọ ti àṣà yìí rárá: ẹni tí kò lè dá owó ẹbí mọ́, tí kò lè ṣe ojúṣe rẹ̀ níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, tó sì wá ń sá fún àwọn ènìyàn rẹ̀.