Ìtọ́jú Tọ́ọ̀ṣì Òmùwẹ̀ Nígbà Tí Kò Sí Nínú Omi

Ìfáàrà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé ní etíkun Nàìjíríà, ó sì rì sí ibi tí òkun ti jìn tó mítà 30. Nínú àwọn 12 tí ó wà nínú rẹ̀, Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó yè. Ó lo nǹkan bí wákàtí 60 nínú òkùnkùn níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí. Ìmọ́lẹ̀ iná òmùwẹ̀ tí ó wọlé ni ó rí tí ó fi mọ̀ pé ènìyàn ti dé. Bí iná bá kú mọ́ òmùwẹ̀ lọ́wọ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà wọlé lè di àwátì fún un.

Àwọn tí ń mòòkùn nínú ihò àpáta kì í gbé iná tí kò tó mẹ́ta dání. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n bí a bá ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí kan náà láìtọ́jú, àìsàn kan náà ni yóò kọ lù wọ́n. Inú omi ni tọ́ọ̀ṣì alábátìrì ti ń kú lóòótọ́. Inú àpótí ni àìsàn rẹ̀ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Iyọ̀ àti Òrùka Rọ́bà

Ní mítà 30 nínú òkun, agbára tí ó ń tẹ ara tọ́ọ̀ṣì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀. Ohun tí ó ń dí omi lọ́nà ní ẹnu ìdérí kò ju òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Fọ́nrán irun kan tàbí hóró yanrìn kan lábẹ́ òrùka yìí ti tó láti la ọ̀nà fún omi. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Bí omi náà bá gbẹ sára tọ́ọ̀ṣì, iyọ̀ á dì sí ẹnu ìdérí àti abẹ́ bọ́tìnnì, á sì le. Nítorí náà, kí tọ́ọ̀ṣì tó gbẹ ni ó yẹ kí a ti rì í sínú omi tí kò níyọ̀, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ ní pípadé. Ẹni tí ó bá ní ó di ọ̀la ti jẹ́ kí iyọ̀ ṣáájú òun.

Lẹ́yìn èyí ni a óò nù ún gbẹ, kí a tó dojú ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀ láti ṣí i, kí ẹ̀kán omi má baà ṣàn wọ inú. Ìka ọwọ́ tàbí ike pẹlẹbẹ ni a fi ń yọ òrùka, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ gbà pé gírísì ni ó ń dènà omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùka ni ó ń dènà rẹ̀. Gírísì kàn ń jẹ́ kí ó yọ̀ dáadáa sí àyè rẹ̀ ni. Kí òrùka ṣáà ti dán ti tó, nítorí àpọ̀jù gírísì a máa kó yanrìn mọ́ra. Fásìlíìnì a máa ba rọ́bà mìíràn jẹ́. Gírísì sílíkóònù náà a sì máa mú òrùka tí a fi sílíkóònù ṣe wú. Èyí tí ìwé ìlànà tọ́ọ̀ṣì náà bá dárúkọ ni kí a lò.

Bátìrì

Omi inú bátìrì lásán a máa jò bí ó bá pẹ́ nínú tọ́ọ̀ṣì, á sì jẹ irin inú rẹ̀. Yíyọ ni kí a yọ ọ́. Bátìrì lithium-ion kò fẹ́ kí a gbé òun pamọ́ ní kíkún tàbí ní òfìfo. Nǹkan bí ìdajì ni ó dára, níbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, kì í ṣe nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ àwọn òmùwẹ̀ tí ń jẹ́ Conception jóná ní etíkun California ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 34 sì kú. Àwọn olùwádìí kò lè fìdí ohun tí ó dá iná náà sílẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n ń ṣáájì láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ wà lára ohun tí wọ́n kà sí èyí tí ó ṣeé ṣe. Kò yẹ kí a máa ṣáájì bátìrì nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń sùn.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, kí a tan tọ́ọ̀ṣì wò. Omi ni ó ń mú ara àwọn tọ́ọ̀ṣì alágbára kan tutù. Irú wọn, inú garawa omi ni kí a ti tàn án.