Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ara yín ti yá, kí ló dé tí dókítà ṣì ní kẹ́ ẹ máa lo oògùn?

"Ara mi ti yá, kí ni mo tún ń lo oògùn fún?" Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn.

Tí kíndìnrín bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ òun kò lágbára tó, ó máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ renin jáde. Láti ọdún 1898 ni wọ́n ti ṣàwárí rẹ̀ nínú kíndìnrín ehoro ní Sweden. Renin yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń bí họ́mọ́ònù angiotensin II. Ìyẹn á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, á sì pe họ́mọ́ònù kejì, aldosterone, tó ń ní kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ohun tó ń gba ẹ̀mí là nìyẹn.

Wàhálà dé tí iṣẹ́ náà kò bá dáwọ́ dúró. Bí angiotensin II bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ògiri iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, á sì le. Kì í ṣe pé ìdọ̀tí dí páìpù o, páìpù gan-an ló ń nípọn sínú. Ọ̀nà á dín, ọkàn á máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ àti àìsàn kíndìnrín ti lè wọlé, bẹ́ẹ̀ kò ní dun èèyàn níbì kankan.

Oògùn bíi lisinopril kì í jẹ́ kí ara pèsè angiotensin II púpọ̀. Losartan ní tiẹ̀ ń dí i lọ́nà. Ìwádìí fi hàn pé ògiri iṣan tó ti nípọn lè máa padà bọ̀ sípò, àmọ́ ó lè gbà tó ọdún kan. Ẹni tó bá dá oògùn dúró lẹ́yìn oṣù méjì ti já iṣẹ́ náà sọ́nà.

Ẹ má yá oògùn aládùúgbò lò o. Lára ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, renin kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Iyọ̀ ni ara wa ń dì mú. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi sábà máa ń kọ́kọ́ fún wa ní amlodipine tàbí oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Aláboyún kò sì gbọdọ̀ lo lisinopril tàbí losartan, wọ́n lè ba ọmọ inú jẹ́.

Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù, ẹ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Tí oògùn kan kò bá bá yín lára mu, dókítà ni kẹ́ ẹ sọ fún, kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.