Ọ̀rọ̀-ìṣe Avoir Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí avoir kò pọ̀ nínú èdè Faransé. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni 'ní', gẹ́gẹ́ bí a ti í wí pé, 'Mo ní ìwé.' Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá bá rò pé bí òun bá ti mọ ìtumọ̀ yìí iṣẹ́ ti parí, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò bá pàdé ni pé avoir kì í dúró lójú kan. Mo ní, o ní, ó ní, a ní, ẹ ní, wọ́n ní: 'ní' kan náà ni látòkèdélẹ̀, arọ́pò-orúkọ nìkan ni ó ń fi ẹni tí ó ni nǹkan hàn. Faransé a máa wí pé j'ai, tu as, il a, nous avons, vous avez, ils ont. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì pátápátá sí Yorùbá. Ta ni ó kọ́ ọmọdé pé bí a bá yí 'omi wà' sódì, 'kò sí omi' ni yóò dà? Ìyá rẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé gírámà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'ní owó' ń di 'lówó' lẹ́nu rẹ̀, bí je ti ń pàdánù fáwẹ̀lì rẹ̀ níwájú ai tí ó fi di j'ai.

Ọ̀rọ̀ tu àti vous kò yẹ kí ó dààmú ọmọ tí a tọ́ ní ilé Yorùbá. Tu ni 'o'. Vous ni 'ẹ', ìbáà ṣe fún ènìyàn púpọ̀ tàbí fún àgbà kan ṣoṣo. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni 'wọ́n'. Ọmọ Yorùbá a máa sọ nípa bàbá rẹ̀ pé, 'Wọ́n ní oko ní Ìsẹ́yìn'. Il a ni Faransé yóò wí. Bí ó bá fi ọ̀wọ̀ pe ìyẹn ní ils ont, àwọn olùgbọ́ rẹ̀ yóò máa wá àwọn bàbá yòókù.

Ìṣòro tí ó tóbi jù wà nínú ohùn. Ils ont ni 'wọ́n ní'. Ils sont ni 'wọ́n jẹ́' tàbí 'wọ́n wà'. Létí, ohùn z tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ àti s tí ó wà nínú èkejì nìkan ni ó yà wọ́n. Yorùbá kò ní z, nítorí náà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi s dípò rẹ̀, 'wọ́n ní' a sì di 'wọ́n jẹ́' láìjẹ́ pé wọ́n fura. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀ kí ó sì pe s: ọ̀fun kò ní gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ kí ọ̀fun gbọ̀n láìyí ahọ́n padà, z ni yóò jáde. Lọ́nà kan náà ni f fi ń di v ti avons, tí ṣ sì ń di ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ j'ai. Ní ti òpin ont, ẹ̀bùn ni: ohùn tí ó parí 'ìbọn' ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìlò. Ní Yorùbá, ebi ni ó ń pa ènìyàn, òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́, òtútù ni ó ń mú un, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Nǹkan wọ̀nyí ni olùṣe. Ènìyàn ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó ni wọ́n ni Faransé ka ènìyàn sí: j'ai faim, j'ai soif, j'ai froid, j'ai peur. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì dé Faransé ni ó máa ń sọ pé je suis faim, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi 'jẹ́' sí i lẹ́nu. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, tí ìpààlà ọdún 1889 fi sí ìhà Faransé, kò gba ọ̀nà yẹn. Je suis froid, ní tirẹ̀, jẹ́ gbólóhùn tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ìwà ni ó ń sọ: pé ẹni náà kò lọ́yàyà. Ó sàn kí olùkọ́ mú 'ebi ń pa mí' wá tààrà sí ẹ̀gbẹ́ j'ai faim, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ti ọjọ́ orí nìkan ni Yorùbá fúnra rẹ̀ ti lè ṣi ni lọ́nà: 'Ọmọ ogún ọdún ni mí', ṣùgbọ́n j'ai vingt ans.

Il y a ni 'ó wà'. Bí a bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ, 'ó ní níbẹ̀' ni, il náà kò sì tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó gbọ́ pé ó nídìí tí obìnrin fi ń jẹ́ Kúmólú. Ta ni 'ó' yẹn? Il n'y a pas d'eau: kò sí omi. Bí àkókò bá sì tẹ̀ lé e, 'sẹ́yìn' ni ó ń jẹ́: il y a trois jours, ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

Avoir tún ń ran ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn lọ́wọ́ láti sọ ohun tí ó ti kọjá. J'ai mangé ni 'mo jẹun', òun náà ni 'mo ti jẹun'. Aller, venir àti díẹ̀ mìíràn kì í gbà á. Être ni wọ́n ń mú: je suis allé. Avoir a sì máa ran ara rẹ̀ lọ́wọ́: j'ai eu, 'mo ti ní'. Lẹ́tà méjì ni ojú rí nínú eu, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni etí gbọ́, èyí tí ó wà nínú tu: kí ètè ká bí ẹni tí ó fẹ́ pe 'u', kí ahọ́n sì wà ní ibi tí a ti ń pe 'i'.